Ọ̀wọ́n Kì í Ṣe Èèwọ̀

Ohun méjì ni ènìyàn kì í rà bọ̀ láti ọjà: èyí tí owó rẹ̀ kò ká, àti èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká àgbò lónìí lè tu owó jọ títí di ọdún tí ń bọ̀, kí ó sì rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí àgbò jẹ́ èèwọ̀ ìdílé rẹ̀ kò ní fi ẹnu kàn án, bí ó tilẹ̀ lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó wọ́n ń bi wá pé, "Kí ni ẹ ó fi sílẹ̀ kí ẹ tó lè ní mi?" Èèwọ̀ kì í bi ènìyàn ní nǹkan kan, ilẹ̀kùn ni ó ń tì. Àwọn méjèèjì ni ó ní àyè tiwọn láàrin ọmọ ènìyàn. Ìlú tí kò bá ní èèwọ̀ kankan ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó bá sọ gbogbo ohun tí ó wọ́n di èèwọ̀, òun náà kò gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n àti èèwọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi wo eré kan tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ka sí eré ọmọdé, èyíinì ni líìgì àwọn tí ń fi abàmì ẹ̀dá Pokémon jà. Mo mọ̀ pé òǹkàwé mìíràn yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Kí ó rẹ́rìn-ín tán. Ibi tí ènìyàn mẹ́jọ bá ti kóra jọ, tí wọ́n ṣe òfin fún ara wọn, tí wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ òfin náà, ìjọba ti wà níbẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí ẹ̀wọ̀n. Ìgbàgbọ́ pé òfin náà tọ́ nìkan ni ó so wọ́n pọ̀. Bí òfin bá ti wọ́, kálukú yóò gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ̀sùn tí mo sì fẹ́ fi kan àwọn alákòóso irú líìgì bẹ́ẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn ti sọ ìfòfindè di oògùn gbogbonìṣe. Ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti dá iye lé nǹkan, èèwọ̀ ni wọ́n ń kà. Ibi tí èèwọ̀ sì ti yẹ ní tòótọ́, wọ́n á ní ọjà ni yóò ṣe ìdájọ́.

Kí a tó máa bá ẹjọ́ lọ, ó yẹ kí ẹni tí kò mọ eré náà mọ bí ó ṣe rí. Ní oṣù Kejì ọdún 1996 ni ilé-iṣẹ́ Game Freak, tí Satoshi Tajiri dá sílẹ̀, gbé géèmù Pokémon àkọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Japan fún ẹ̀rọ Game Boy ti Nintendo. Abàmì ẹ̀dá 151 ni ó wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Lónìí wọ́n ti ju 1,000 lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yà tirẹ̀: omi ń borí iná, iná ń borí koríko, koríko ń borí omi. Ẹ̀yà 15 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti di 18. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n agbára mẹ́fà, ó ní àbùdá tí a dá a mọ́, ó sì lè gbé ọgbọ́n ìjà mẹ́rin lọ sí ojú ìjà. Mẹ́fà ni ènìyàn ń kó lọ láti bá mẹ́fà ẹlòmíràn jà.

Nínú ìdíje gbogbogbòò, ẹnikẹ́ni lè mú ẹ̀dá tí ó wù ú. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè mú ẹyọ kan náà. Nínú líìgì oníṣàyàn tí mo ń sọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, alákòóso yóò kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá sílẹ̀, yóò sì kọ iye tí ó dá lé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iwájú rẹ̀. Wọn yóò fún akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ̀ọ̀kan ní póìǹtì tí ó dọ́gba. Ká ní póìǹtì 100 ni, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ṣa ẹ̀dá mẹ́wàá. Wọn yóò ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣà. Ẹ̀dá tí ẹnì kan bá ti mú di tirẹ̀ fún sáà náà. Kò sí ẹlòmíràn tí ó tún lè mú un. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò máa pàdé lójú ìjà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ti mọ ẹ̀dá mẹ́wàá tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí òun yóò bá jà. Ohun tí kò mọ̀ ni mẹ́fà tí onítọ̀hún yóò kó wá, àti ọgbọ́n tí yóò fún wọn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ó ní láti rò ó. Ìrònú ọ̀sẹ̀ kan yìí ni ẹ̀mí líìgì náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni n óò fi ṣe ìdájọ́ nígbà tí ó bá yá.

Inú géèmù kọ́ ni àṣà ìṣàyàn yìí ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1936 ni líìgì bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí à ń pè ní NFL kọ́kọ́ ṣe é, lórí àbá Bert Bell tí ó ni ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles. Òfin náà ni pé ẹgbẹ́ tí ó bá gbẹ́yìn ní sáà tí ó kọjá ni yóò kọ́kọ́ ṣà. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ pé Eagles gan-an ni ó gbẹ́yìn, àwọn náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣà. Jay Berwanger ni wọ́n mú, ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì náà ní ọjọ́ kan ṣoṣo títí ó fi kú. Ní 1980, Daniel Okrent àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní New York dá ìdíje orí ìwé kan sílẹ̀, nínú èyí tí wọ́n ń fi owó tí ó ní òdiwọ̀n ra àwọn eléré baseball ní gbàǹjo. Ní 1994, NFL fúnra rẹ̀ fi òdiwọ̀n sí owó tí ẹgbẹ́ kan lè ná lórí àwọn eléré rẹ̀. Nínú gbogbo ètò wọ̀nyí, kò sí èyí tí ó pàṣẹ pé kí wọ́n lé eléré kúrò lórí pápá nítorí pé ó mọ eré jù. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí ẹni tí ó bá mú akọni yóò ṣe fi nǹkan mìíràn sílẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni àwọn alákòóso wa jogún, òun náà ni wọ́n sì ń sọ nù.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nù. Ẹ̀dá kan yóò na ènìyàn mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ariwo yóò sọ. Àwọn tí wọ́n nà kò ní bi ara wọn pé, "Ǹjẹ́ mo lo ọ̀sẹ̀ tèmi dáadáa?" Wọn yóò ní, "Ẹ fi òfin dè é!" Alákòóso tí kò fẹ́ ìjà yóò mú gègé, yóò sì fa ìlà pa orúkọ náà rẹ́. Ariwo yóò rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí ẹ̀dá tí ó ṣìkejì akọni àná yóò fi di akọni tòní, tí ariwo yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń bá a lọ báyìí, ibo ni a ó ti dúró? Níbi tí ẹni kan bá wà, ẹnì kan ni yóò máa ṣíwájú. Bí ẹ bá bẹ́ orí igi tí ó ga jù nínú igbó, òmíràn yóò di èyí tí ó ga jù. Ẹ lè bẹ igbó náà títí yóò fi di pápá koríko, síbẹ̀ koríko kan yóò ga ju èkejì lọ.

Ohun tí àwọn aláriwo kò rí ni pé iye tí kò tọ́ ni ó dá wàhálà sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀dá náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní alákòóso ti sọ pé iye tí ó ga jù nínú ìwé òun ni 20. Ẹ̀dá kan sì wà níbẹ̀ tí gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá mọ̀ nínú ọkàn wọn pé ó tó 30. Ẹni tí gègé bá mú ṣe ẹni àkọ́kọ́ yóò fi 20 rà á, póìǹtì 10 sì ti bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́: ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ohun tí ó mú wá sí ọjà. Kì í ṣe ọgbọ́n rẹ̀ ni ó fún un; gègé ni. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ líìgì máa ń yí ìtò padà, kí ẹni tí ó ṣà kẹ́yìn lè kọ́kọ́ ṣà ní ìpele kejì. Bí ènìyàn bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹni àkọ́kọ́ yóò ṣa ẹ̀dá kìíní àti ìkẹrìndínlógún, ẹni ìkẹjọ yóò ṣa ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án. Ètò tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dá kìíní bá dá yàtọ̀ pátápátá sí ìyókù, kò sí ìyípadà ìtò tí ó lè tún un ṣe. Nígbà tí iye bá purọ́, gègé ni yóò máa ṣe alákòóso.

Kí wá ni ó yẹ ní ṣíṣe? Ẹ kọ 30 sí iwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mú un yóò ku póìǹtì 70 fún mẹ́sàn-án ìyókù, tí kò tó 8 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹni tí kò mú un ní 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Akọni kan pẹ̀lú ẹ̀yìn tí kò lágbára, tàbí ọmọ ogun mẹ́wàá tí wọ́n dọ́gba? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìbéèrè tí ọlọ́gbọ́n méjì lè dáhùn lọ́nà méjì kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì jẹ̀bi. Líìgì wà nítorí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi òfin de akọni náà kò dáhùn ìbéèrè. Ó pa á ni.

Àmì tí a fi ń mọ iye tí ó tọ́ kò sì fara sin. Bí gbogbo ẹni tí gègé bá kọ́kọ́ mú, láti sáà dé sáà, bá ń na ọwọ́ sí ẹ̀dá kan náà láìronú, owó ẹ̀dá náà kéré jù. Bí kò bá sí ẹni tí ó ń wo apá ibi tí ó wà, owó rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ẹni àkọ́kọ́ bá dúró, tí ó ń họ orí láàrin ẹ̀dá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, alákòóso ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Irú ìyèméjì yìí ni ẹ̀rí òdodo iye. Ẹ tún iye ṣe ní ìgbà mẹ́ta kí ẹ tó fi òfin dè é ní ẹ̀ẹ̀kan.

Mo gbà pé iye ṣòro láti dá, ju kí a kàn fa ìlà lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀lẹ kò fi fẹ́ ẹ. Àwọn kan ń wo òṣùwọ̀n agbára nìkan, wọ́n ń dá iye bí ẹni tí ń wo gíga ènìyàn láti mọ ọgbọ́n orí rẹ̀. Kyogre àti Slaking jọ jáde ní 2002 nínú géèmù Ruby àti Sapphire. Bí a bá ro òṣùwọ̀n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, 670 ni ti Kyogre, 670 náà ni ti Slaking. Ṣùgbọ́n bí Kyogre bá ti wọlé ni òjò ń bẹ̀rẹ̀, òjò náà a sì máa fi ìlàjì kún agbára ìjà omi. Ní ti Slaking, ọ̀lẹ paraku ni: bí ó bá jà lẹ́ẹ̀kan, yóò jókòó lẹ́ẹ̀kan. Alákòóso tí ó bá dá iye kan náà lé àwọn méjèèjì kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹṣin àti ère ẹṣin.

Ní ìdàkejì, ẹ rántí ìdíje àgbáyé ti ọdún 2014 ní Washington, D.C. Se Jun Park, ọmọ ilẹ̀ Korea Gúúsù, mú Pachirisu wá, ẹ̀dá kékeré bí ọ̀kẹ́rẹ́ tí àròpọ̀ òṣùwọ̀n rẹ̀ kò ju 405 lọ. Nínú ìdíje yẹn ẹ̀dá méjì méjì ni wọ́n ń jà pa pọ̀. Iṣẹ́ tí Park rán Pachirisu kò ju pé kí ó máa pe ìjà sí ara rẹ̀ kí ẹnìkejì rẹ̀ lè rí àyè ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe. Òun ni ó gba ife ẹ̀yẹ. Bí a bá ti fi ojú lásán dá iye, póìǹtì 1 ni à bá kọ sí iwájú ẹ̀dá tí ó bá ọ̀gá rẹ̀ gba ife àgbáyé. Kékeré kọ́ ni abẹ́rẹ́ tí adìyẹ kò lè gbé e mì.

Àwọn alákòóso mìíràn kò tilẹ̀ fi ojú wo ẹ̀dá rárá. Ìwé oníwèé ni wọ́n ń dà kọ. Ẹgbẹ́ Smogon, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004, ń to àwọn ẹ̀dá sí ìsọ̀rí nípa bí àwọn òṣèré ṣe ń lò wọ́n tó. Ẹ̀dá tí lílò rẹ̀ bá dé ìdá 4.52 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń wọ ìsọ̀rí àwọn tí a ń lò jù. Wọn kò ṣàdédé mú iye yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá ja ìjà 15, bí ó ti ṣeé ṣe tó kí ó pàdé ẹ̀dá náà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣeé ṣe tó kí ó má pàdé rẹ̀ rárá. Ètò tí ó lọ́gbọ́n nínú ni, ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè mú ẹ̀dá kan náà ni a ṣe é fún. Nínú líìgì oníṣàyàn, ẹyọ kan péré ni ó wà.

Ẹ wo ọgbọ́n ìjà kan tí a ń pè ní Stealth Rock, tí ó ti wà láti 2006. Ẹni tí ó bá lò ó ti da òkúta mímú sí ọ̀nà ọ̀tá. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọlé yóò fara gbọgbẹ́. Charizard, tí ó jẹ́ ẹ̀yà iná àti ti ìfò, ń pàdánù ìlàjì ẹ̀mí rẹ̀ bí ó bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní irú Charizard nílò ẹ̀dá tí ó lè gbá òkúta náà kúrò. Ní ìdíje gbogbogbòò, gbogbo ènìyàn yóò mú agbálẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ jù; kò sí ẹni tí yóò rántí ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún. Ṣùgbọ́n nínú líìgì ènìyàn mẹ́jọ, bí mẹ́ta bá ti kó mẹ́ta tí ó dára jù lọ, agbálẹ̀ ìkẹrin ti di ohun tí à ń du. Ìwé Smogon yóò ní kò níye lórí. Ọjà yóò ní ọmọ ọba ni. Ẹni tí ó da iye ọjà ìlú kan kọ sí ọjà ìlú mìíràn kò tíì dá iye kankan.

Ní báyìí, mo gbọ́ ohùn àwọn tí ó wà ní òdìkejì pátápátá. Wọ́n ní, "Bí dídá iye bá ṣòro tó báyìí, ẹ má ṣe dá iye, ẹ má sì fi òfin de ohunkóhun. Ẹ ta gbogbo wọn ní gbàǹjo, kí ẹni tí ó bá fẹ́ akọni san ohun tí ọkàn rẹ̀ gbà." Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ nínú. Gbàǹjo ń mú ìmọ̀ tí ó wà lórí ènìyàn mẹ́jọ jọ síbi kan, kò sì sí gègé tí yóò fún ẹnì kan ní ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra nǹkan ní gbàǹjo, ire tirẹ̀ nìkan ni ó fi owó rẹ̀ díwọ̀n. Ẹni tí ó ra ìlù láti máa lù ú ní ọ̀gànjọ́ òru ti san owó ìlù. Ta ni yóò san owó oorun àwọn aládùúgbò? Àwọn nǹkan kan wà tí ìpalára wọn kì í dúró lọ́dọ̀ ẹni tí ó rà wọ́n. Eré fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ run. Irú wọn ni èèwọ̀ wà fún.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ wọ́n? Mo ní kí ẹ fi sọ́kàn pé ìrònú ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ̀mí líìgì. Ohun tí ó bá sọ ìrònú yẹn di asán ni èèwọ̀. Ohun tí ó bá kàn mú un le koko, ọ̀wọ́n ni. Àwọn ọgbọ́n ìjà kan wà, bí Fissure àti Sheer Cold, tí ń pa ọ̀tá ní ìkọlù kan ṣoṣo bí wọ́n bá bá a, tí àǹfààní àtibà á sì jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún bí ipele àwọn méjèèjì bá dọ́gba. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ènìyàn yóò fi ronú kí owó ẹyọ tí ẹlòmíràn ń ta sókè má baà dojú bolẹ̀? Double Team ń jẹ́ kí ẹ̀dá máa yẹ ìkọlù sílẹ̀ títí ìjà yóò fi di àfẹ́ẹ̀rí. Àbùdá Moody ń gbé òṣùwọ̀n kan sókè, ó sì ń rẹ òmíràn sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìpele ìjà kan bá parí, láìsí ẹni tí ó yàn án. Shadow Tag ń di ọ̀tá mọ́lẹ̀ kí ó má lè pààrọ̀ ẹ̀dá rẹ̀, bí kò bá ṣe ẹ̀yà iwin. Nínú gbogbo wọn, yálà oríire ni ó ń dájọ́ tàbí wọ́n gba yíyàn kúrò lọ́wọ́ ẹnìkejì. Bí ẹ bá kọ 90 sí iwájú wọn, ẹni tí ó pàdánù lójú ìjà kò ní rí ìtùnú nínú pé ẹni tí ó nà án náwó púpọ̀.

Ẹ̀dá díẹ̀ sì wà tí wọ́n ju gbogbo òdiwọ̀n lọ. Mega Rayquaza jáde ní 2014 pẹ̀lú àròpọ̀ òṣùwọ̀n 780. Àwọn ẹ̀dá yòókù tí ń para dà sí Mega nígbà náà gbọ́dọ̀ gbé òkúta kan dání. Rayquaza kò nílò rẹ̀, nítorí náà ó lè gbé ohun mìíràn tí ó bá wù ú. Smogon ní ìsọ̀rí kan tí wọ́n ń kó àwọn ẹ̀dá tí wọ́n bá lé jáde sí. Rayquaza yìí ju ìsọ̀rí yẹn gan-an lọ, wọ́n sì ní láti dá òmíràn sílẹ̀ lókè rẹ̀. Èmi kò ní jà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí irú rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n tó láàrin ẹ̀dá tí ó ju 1,000 lọ, kí ẹ sì fi wé ìwé ìfòfindè tí ó gùn bí ìwé orúkọ ọmọ iléèwé.

Nígbà mìíràn pẹ̀lú, kì í ṣe ẹ̀dá kan ni ó jẹ̀bi bí kò ṣe ẹgbẹ́ tí ó kó. Nínú géèmù tí ó jáde ní 2010, Politoed, ọ̀pọ̀lọ́ kan tí kò lágbára kan dà bí alárà, gba àbùdá tí ń fa òjò. Ẹ̀dá mìíràn bí Kingdra àti Kabutops sì ní àbùdá Swift Swim, tí ó ń sọ eré ẹsẹ̀ wọn di ìlọ́po méjì nínú òjò. Politoed nìkan kò ba ìlú jẹ́, Kingdra nìkan kò bà á jẹ́. Àpapọ̀ wọn ni kò ṣeé farada. Ní 2011, Smogon pinnu pé kí ẹgbẹ́ kan má ṣe kó àbùdá méjèèjì pọ̀, kí a sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn kan bínú pé òfin náà díjú jù. Ní tèmi, òfin tí ó gún ibi tí egbò wà nìkan sàn ju èyí tí ó gé gbogbo ẹsẹ̀ dànù. Nínú líìgì oníṣàyàn ó tilẹ̀ tún rọrùn: ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tí ó bá kó àwọn méjèèjì yóò san póìǹtì kan lé e lórí.

Ẹ̀rí tí ó dùn mọ́ mi jù pé iye lè ṣe iṣẹ́ tí a rò pé èèwọ̀ nìkan ni ó lè ṣe ni ti ìyípadà ẹ̀yà tí ó dé pẹ̀lú Scarlet àti Violet ní 2022, tí wọ́n ń pè ní Terastal. Ẹ̀dá kan nínú ẹgbẹ́ lè pa ẹ̀yà rẹ̀ dà lẹ́ẹ̀kan nínú ìjà: ẹ̀dá iná tí ẹ ti gbé omi dè lè di ẹ̀dá koríko lójú yín. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí wọ́n rántí Dynamax ti 2019, tí ń sọ ẹ̀dá di òmìrán fún ìpele ìjà mẹ́ta, tí Smogon sì fòfin dè ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà. Wọ́n dìbò lórí Terastal pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò rí ìbò tí ó tó láti lé e jáde. Kí ni ọ̀pọ̀ líìgì oníṣàyàn wá ṣe? Wọ́n ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá yan ẹ̀dá méjì tàbí mẹ́ta péré tí yóò lè para dà, kí ó kéde ẹ̀yà tí wọn yóò dà ṣáájú, kí ó sì fi póìǹtì san án. Ẹ̀rù ti di ìbéèrè. Ẹnìkejì ti mọ ohun tí yóò máa rò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọwọ́ àwọn alákòóso wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí ìyókù wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni ó sì gbóná jù. Nínú ọ̀pọ̀ líìgì, alákòóso tí ń dá iye náà ń ṣà, ó sì ń jà. Olójà ni, oníbàárà ni, adájọ́ sì ni. Ẹ fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fi póìǹtì 19 ra ẹ̀dá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tí ó to ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká, tí ó sì fi í na alákòóso ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, òfin dé: a ti fi òfin de ẹ̀dá náà, "fún ire gbogbo wa". Póìǹtì 19 lọ, ìrònú rẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí ó tọrọ àforíjì. Ó lè jẹ́ pé alákòóso náà kò ní ìkà nínú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? Bert Bell pàápàá, tí àbá rẹ̀ dára tí ó sì tọ́jọ́, ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹni tí ó dára pàápàá nílò òfin tí yóò jẹ́ kí a rí i pé ó dára.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bèèrè. Èkíní, kí ìwé iye jáde kí wọ́n tó ṣẹ́ gègé, kí ẹni tí ó dá iye má sì bá wọn ṣẹ́ ẹ; ẹni tí ó pín ni kí ó mú kẹ́yìn. Bí ó bá mọ̀ pé òun ni yóò ṣà kẹ́yìn, kò ní fi ẹ̀bùn pamọ́ sí iwájú ìwé. Èkejì, kí iye tí a ti kéde dúró títí sáà yóò fi parí, bí ó tilẹ̀ hàn pé a ṣì í. Àṣìṣe tí gbogbo ènìyàn rí kí wọ́n tó ṣà kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ẹ̀kẹta, bí ohun kan bá yọjú tí ó ń ba eré jẹ́ ní tòótọ́, tí kò sì ṣeé ṣe kí a dúró de òpin sáà, kí a fi òfin dè é, kí a sì dá póìǹtì ẹni tí ó rà á padà fún un, kí ó ra òmíràn. Èèwọ̀ tí kò bá sanwó ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ẹni, olè ni.

Wọn yóò sọ fún mi pé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré kò ní dúró kí a máa tún iye ṣe. Akọni yóò ti nà wọ́n sá lọ. Mo mọ̀ pé ewu yẹn wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fi ìfòfindè ṣìkẹ́ kì í kọ́ eré; ariwo ni yóò kọ́. Bí ó bá sì ti kọ́ pé ẹni tí ó bá pariwo jù ni òfin ń gbọ́, yóò gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí ibòmíràn, sí ibi iṣẹ́, sí inú ẹgbẹ́, sí ibi tí a ti ń ṣe òfin tí ó kan ju ọ̀pọ̀lọ́ àti òjò lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí owó rẹ̀ kò ká àgbò àti ẹni tí àgbò jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì dé ilé láìmú àgbò dání. Ṣùgbọ́n ẹni ìṣáájú mọ ohun tí yóò gbà á, ó sì lè jí lọ́la kí ó máa wá a. Ẹ fi àyè yẹn sílẹ̀ fún un. Ohun tí ó bá wọ́n, ẹ jẹ́ kí ó wọ́n.